Àmín Tí Láolú Kò Ṣe

Ẹrẹ̀ pupa ti mu ọkùnrin náà dé orúnkún nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún kọ́kọ́ fojú kàn án. Inú ọ̀gbun tó wà lẹ́yìn ilé bàbá ọmọbìnrin náà ló dúró sí, akoto aláwọ̀ ìyeyè wà lórí rẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kan èèkàn mọ́ etí ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so ewúrẹ́. Òjò àárọ̀ Sátidé ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Rẹ̀mílẹ́kún mú aṣọ ìbùsùn tútù dání, ó gbàgbé láti sá a.

"Ọ̀gá, who send you come nail stick for person backyard?"

Pidgin ló fi bá a sọ̀rọ̀. Ní Bìní níbí, téèyàn kò bá tíì mọ ibi tí ẹnìkejì ti wá, Pidgin ló máa kọ́kọ́ jù sí i ná.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Madam, good morning. Na work I dey do, I no go spoil anything." Bó ṣe fẹ́ gbẹ́sẹ̀ ni ilẹ̀ yọ̀, ẹsẹ̀ kan sì wọlẹ̀ dé itan. "Yéè! Ìyá mi ò! Wọ́n fẹ́ sin mí láàyè nílùú onílùú!"

Rẹ̀mílẹ́kún bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra o, ọmọ Yorùbá. Ẹ má kú sí ọ̀gbun wa, a ò mọ ẹni tá a máa ránṣẹ́ sí."

"Áà! Ẹ gbọ́ Yorùbá?"

"Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ di aṣọ yìí mú, ẹ yéé pariwo." Ó na aṣọ ìbùsùn náà sí i, ọkùnrin náà dì í mú, ó sì fi gòkè wá. Báyìí ni aṣọ tí wọ́n fi gbogbo àárọ̀ fọ̀ ṣe di aṣọ ẹlẹ́rẹ̀.

Ó ní Láolú ni orúkọ òun, Ìkìrè ni òun ti wá, ẹnjiníà ni òun ní ọ́fíìsì kan ní GRA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbàrá. Wọ́n ní kí òun wá wo bí ọ̀gbun náà ṣe ń jẹ ilẹ̀ lọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń fa okùn ìwọ̀n láti etí ọ̀gbun bọ̀ wá sápá ilé, títí okùn náà fi kan ibì kan tí wọ́n fi táìlì funfun tẹ́.

"Ta ló sùn síbí?"

"Màmá mi ni."

Láolú ṣí akoto lórí. Pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ ara rẹ̀ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé, mà. Ẹ má bínú, ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé."

Ẹ má bi mí bóyá ó rẹwà. Orí rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ náà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí màmá Rẹ̀mílẹ́kún gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà nílé, omi sì lé sí ọmọbìnrin náà lójú. Ó yíjú sí apá ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kò rí bí ojú Láolú ṣe yí padà nígbà tó wo okùn ìwọ̀n náà, tó sì rọra ká a láì sọ iye tó rí.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ilé náà ṣe rí. Tíṣà Títíloyè, bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, ló kọ́ ọ, ní àdúgbò kan lẹ́yìn Sapele Road, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Láti Ọ̀wọ̀ ló ti wá sí Bìní láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Yorùbá, ó ní òun á lo ọdún díẹ̀, ló bá jókòó síbẹ̀. Nígbà náà, àdúgbò kún fọ́fọ́ fún èèyàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bọ̀. Àwọn aládùúgbò ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tú páànù orí ilé wọn, wọ́n ń gbé ilẹ̀kùn lọ. Lójú títì náà báyìí, ilé méjì péré ló kù tí èéfín oúnjẹ ń jáde níbẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Báńkì kan ní Sapele Road ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn èèyàn ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò sì sí ẹnì kan tó ń bi í pé ṣé ó jẹun. Tó bá dé ilé, òun àti bàbá rẹ̀ á jẹun, wọ́n á gbọ́ ìròyìn, ilé á sì pa lọ́lọ́. Àwọn tó máa ń bi í pé "Ìgbà wo la máa jẹ ìrẹsì?" ti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ wọn ló sì wá dùn ún ju ìbéèrè lọ.

Kì í ṣe pé ọkùnrin kò wá. Ọkùnrin méjì ló ti wá rí. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè fi bàbá òun sílẹ̀, bàbá rẹ̀ ní òun kò lè fi ibojì ìyàwó òun sílẹ̀, àwọn ọkùnrin náà sì ní ó dàárọ̀. Òun nìkan ló yè nínú ọmọ tí màmá rẹ̀ bí. Ṣé ẹ rí i, ọmọ tí wọ́n sọ ní Rẹ̀mílẹ́kún, ó ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n bí i fún láti kékeré.

Ní Sátidé kejì, Láolú wá Bàbá lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni Tíṣà ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bìní lédè, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ìyá wọn bá sọ ní Yorùbá, tí wọ́n á sì dáhùn ní Pidgin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ́ wọn lọ́sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó kọ sójú pátákó ni ÀRÒTẸ́LẸ̀.

"Ta ló máa sọ ìtumọ̀ rẹ̀? Olúwadámisí?"

Ọmọbìnrin kan dìde, ó ń fa etí aṣọ rẹ̀. "Kí èèyàn... ro nǹkan... tẹ́lẹ̀."

"Ó kù díẹ̀. Àròtẹ́lẹ̀ ni kí o fi ọkàn rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ kò tíì dé, kí o wo ohun tó wà níbẹ̀, kí o sì padà wá múra sílẹ̀ dè é. Kì í ṣe ìmọ̀tẹ́lẹ̀ o. Ìmọ̀tẹ́lẹ̀, ti Ọlọ́run nìyẹn, Òun ló mọ̀. Kì í sì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì. Àwa èèyàn lásán, a ò mọ̀, a kàn ń rò ó ni. Ṣùgbọ́n téèyàn bá rò ó dáadáa, ó tó fi ṣe nǹkan."

"Grandpa, so na to dey fear?" ọmọ náà bi í.

"Ìbẹ̀rù kẹ̀! Rárá o. Ẹni tó ń bẹ̀rù á wo iwájú, á sì jókòó gẹlẹtẹ. Ẹni tó ní àròtẹ́lẹ̀ á wo iwájú, á sì dìde." Ojú Tíṣà kan Láolú lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má kàn dúró bí àlejò. Ẹ lò ó nínú gbólóhùn kan fún wa."

Láolú rò ó díẹ̀. "Àròtẹ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kí àgbẹ̀ ya èbù iṣu sọ́tọ̀ kí ebi tó dé."

"Áà! O káre! Ta ló bí ọ?" Inú Tíṣà dùn débi pé ó fà á wọlé, ó ní kó jókòó. Rẹ̀mílẹ́kún wà lẹ́yìn, ó ń pín púfù-púfù fún àwọn ọmọdé. Ó fún Láolú ní tirẹ̀ nínú bébà, ó rọra sọ fún un pé, "Ẹ ti fọ ẹrẹ̀ kúrò lára. Mi ò mọ̀ yín mọ́."

Ohun tí Láolú wá sọ fún Bàbá lọ́jọ́ yẹn, kò sọ ọ́ fún un mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún ló sọ ọ́ fún, nígbà tí wọ́n jọ ń rìn lọ sí ojú títì.

"Ilé yín, òjò ọdún yìí lè dá a sí. Ti ọdún tó ń bọ̀, mi ò rò pé ó máa dá a sí. Ibojì màmá yín ló sì máa kọ́kọ́ lọ."

Rẹ̀mílẹ́kún kò pariwo. "Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Bàbá. Ẹ jẹ́ n wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́."

Láolú ṣèlérí fún un. Ẹ fi ìlérí yẹn sọ́kàn o, torí òun ló padà dá wàhálà sílẹ̀.

Báyìí ni Láolú ṣe di ẹni tó ń tẹ̀ lé Rẹ̀mílẹ́kún lọ sí ọjà Santana lọ́jọ́ Sátidé. Á máa gbé báàgì, á máa fi ìka kan iṣu gbọ́ngbọ́n bíi dókítà, àwọn ìyá aláta á sì máa fi Rẹ̀mílẹ́kún ṣẹ̀fẹ̀ pé, "My wife, this your husband go finish our yam with knock." Rẹ̀mílẹ́kún kì í tako wọn. Láolú náà gbọ́ pé kò tako wọn.

Ọkùnrin yìí náà dá wà. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, ìwé àti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ ló kún ibẹ̀. Ó ti ní àfẹ́sọ́nà kan nígbà kan rí, ẹni yẹn kọjá lọ sí Kánádà, ó sì ní kó máa bọ̀ lẹ́yìn òun. Láolú rò ó síwájú, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí bó ṣe máa parí, kò sì lọ. Ó sọ ọ́ fún Rẹ̀mílẹ́kún lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ojú mi kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Tí mo bá rí ilé, ibi tó ti máa là ni mo kọ́kọ́ máa ń rí. Tí mo bá rí èèyàn, ọjọ́ tó máa lọ ni mo máa ń rí."

"Èmi ńkọ́? Kí lẹ rí lára mi?"

"Mo di ojú síyẹn."

"Purọ́ fún mi díẹ̀ sí i."

Láolú rẹ́rìn-ín, ó wò ó. "O ò sọ pé 'ẹ' fún mi mọ́."

"Hẹn-ẹn? Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Má gbé e padà o, ọ̀rẹ́ mi."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ. Kó tó di ìparí ọdún, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí àwọn ará ilé Láolú wá kí òun, torí òun ti ń gbọ́ orúkọ Láolú ju ìròyìn lọ nínú ilé òun.

Wọ́n wá lóòótọ́, nígbà ọyẹ́. Alàgbà Adékọ́lá, àbúrò bàbá Láolú, ló ṣáájú wọn láti Ìkìrè. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n ṣe àwàdà, wọ́n jẹun, wọ́n sì mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Tíṣà wọ agbádá tí kò wọ̀ láti ìgbà ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, ó dìde láti gbàdúrà.

"Ẹ ó bí, ẹ ó rẹ̀."

"Àmín!"

"Ẹ kò ní ṣọ̀fọ̀ ara yín."

"Àmín!"

"Inú ilé yìí gan-an la ó ti sọ àkọ́bí yín lórúkọ. Ilé yìí yóò ṣojú àwọn ọmọ yín, yóò ṣojú ọmọ-ọmọ yín."

"Àmín!" Gbogbo ilé gbà á, ohùn Alàgbà ló ròkè jù. Ẹnu kan ṣoṣo ni kò là.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Èèyàn lè sùn nínú ìwàásù, ó lè pẹ́ dé òde, a ó gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà gbàdúrà sórí ẹni, kí ẹni yẹn pa ẹnu dé? Tíṣà la ojú rẹ̀.

"Láolú, mi ò gbóhùn rẹ."

Láolú na gbalaja. "Bàbá, ẹ gbàdúrà mìíràn fún mi, sà. Mo máa ṣe àmín rẹ̀ títí ohùn mi á fi há."

"Kí ló ṣe èyí tí mo gbà?"

Alàgbà Adékọ́lá fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ. "Ṣe àmín, ọmọ yìí! Kí ló máa ná ọ?"

Láolú wo Rẹ̀mílẹ́kún. Rẹ̀mílẹ́kún mi orí sí i, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Láolú sorí kọ́.

"Ilé yìí ò ní dúró tó bẹ́ẹ̀, sà. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti lọ."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Gbogbo wọn ké e lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin kan fi ọwọ́ yí orí rẹ̀ ká, ó sì ta ìka dànù sẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà ń bẹ̀bẹ̀ pé ọmọdé ń ṣe é, pé kì í ṣe èpè. Tíṣà ò gbọ́. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn.

"Mo rò pé ọmọ ni mo rí," ó ní. "Ẹ kó ẹrù yín. Ẹni tí kò lè ṣe àmín sí ilé mi kò lè mú ọmọ jáde nínú rẹ̀."

Níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, Rẹ̀mílẹ́kún di ọwọ́ aṣọ Láolú mú. Inú ń bí i, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n.

"Àmín lásán! Àmín tí àwọn ọmọdé ń ṣe lójoojúmọ́ láì gbọ́ ohun tí wọ́n ń gbà! O ò lè ṣe é torí tèmi?"

"O ní kí n dákẹ́, mo dákẹ́. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ fún bàbá rẹ láti ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n tí mo bá ṣe àmín, ó máa gbà mí gbọ́, Rẹ̀mí. Á sùn fọnfọn síbẹ̀ torí pé ẹnjiníà ṣe àmín. Ìwọ náà á sùn síbẹ̀."

"Ìwọ ṣáà ti mọ gbogbo nǹkan. Ṣé o tún rí èyí tẹ́lẹ̀, pé wọ́n máa lé ọ?"

"Mo rí i."

"O sì ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ó jọ̀wọ́ aṣọ náà, ó wọlé. Kò wo ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ló sì wù ú kó wò ó.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e gùn. Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Rẹ̀mílẹ́kún ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ó ń lọ sọ́jà Santana lóun nìkan, nígbà tí àwọn ìyá aláta bá sì bi í pé oníṣu rẹ̀ ńkọ́, á ní ó rìnrìn àjò. Bàbá rẹ̀ kì í dárúkọ Láolú. Àwọn méjèèjì á jókòó sí ìdí oúnjẹ, wọ́n á máa kí ara wọn kú àárọ̀ àti kú alẹ́ bí ayálégbé méjì. Nígbà míì, omijé á kàn dé bá a nídìí gíláàsì báńkì, á ní kí oníbàárà dúró ná, á sì díbọ́n pé òun ń wá báírò.

Láolú kò yé wá wo èèkàn rẹ̀. Òdì kejì ọ̀gbun ló ń gbà wá báyìí, kò tún tẹ ilẹ̀ Tíṣà mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún á wà níbi tó ti ń sá aṣọ, Láolú á wà lókè ọ̀hún, ọ̀gbun á wà láàárín wọn. Wọ́n á wo ara wọn. Láolú lè gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún náà lè gbé tirẹ̀ sókè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún yín, kò sí ìdánìkanwà tó tó kí o máa rí ẹni tí o fẹ́ ní kedere, kí ohùn rẹ má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Òjò tuntun wá bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ní ọ̀sán ọjọ́rú kan, aládùúgbò tó kù lójú títì wọn pe Rẹ̀mílẹ́kún lórí fóònù ní báńkì. "Sister, come o. The udara tree don fall enter gully. Your papa dey sit down for outside, he no gree enter house."

Ó fi oníbàárà sílẹ̀ lórí ìlà. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e dé ìyànà, ó ní òun ò lè wọ inú omi yẹn, Rẹ̀mílẹ́kún bá bọ́ bàtà, ó sáré. Igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ti lọ tòun ti gbòǹgbò. Etí ọ̀gbun ti dé ibi táìlì funfun, igun kan ti ń fì. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, òjò ń pa á. Láolú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀, òjò ń pa òun náà. Ó wá wo èèkàn rẹ̀, kò bá ìkankan.

Nígbà tí Tíṣà rí ọmọ rẹ̀ ló tó la ẹnu, Láolú ló sì dojú kọ.

"O ò ní sọ ọ́? Sọ pé o ti wí tẹ́lẹ̀."

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ, sà. Mo ní kí n bá yín jókòó ni."

Tíṣà fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣé o rò pé n kò rí i? Kí o tó kan èèkàn rẹ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i. Tíṣà ni mí, ojú mi ò fọ́. Mo mọ̀ pé ilé yìí ń lọ. Ohun tí mo tún rí lẹ́yìn ìyẹn ni kò jẹ́ kí n dìde." Ó tọ́ka sí Rẹ̀mílẹ́kún. "Tí mo bá kó kúrò níbí, kí ló tún kù tó máa dá a dúró? Á lọ sílé ọkọ, bó ṣe yẹ. Èmi á wà nínú yàrá kan, wọ́n á máa wá kí mi lọ́jọ́ Sunday. Níbí, ìyàwó mi wà níwájú mi, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé àròtẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rù ni tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá wà."

Rẹ̀mílẹ́kún dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Èmi ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín kí ọkàn yín má bàa bàjẹ́. Ẹ lé Láolú lọ torí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀. Ẹ fi mí ṣe òpó ilé, Bàbá! Èmi ńkọ́? Ta ló sọ fún yín pé èmi ò dá wà? Mo ti ń dá wà nínú ilé yìí pẹ̀lú yín láti ìgbà tí Màmá ti kú!"

Kò tíì pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì gbé orí lé orúnkún bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́. Tíṣà gbé ọwọ́ lé e lórí. "Má bínú," ó ní. "Má bínú, ìyá mi. Mo jẹ ọ́ níyà." Ẹkún ń gbọ̀n òun náà.

Ó wá wo Láolú. "Kí ni ká ṣe?"

"Ká kọ́kọ́ gbé Màmá, sà. Ká gbé wọn kí òjò tó tún dé. Lẹ́yìn náà ká wá kó ẹrù yín."

Ọ̀rọ̀ gbígbé òkú kì í ṣe ohun kékeré. Tíṣà pe àwọn ará ilé ní Ọ̀wọ̀, ẹnì kan ní èèwọ̀ ni, ẹnì kan ní kí wọ́n ṣe é kíá. Pásítọ̀ ní kí wọ́n má fòyà, wọ́n sì bá wọn wá àyè nínú ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, lórí òkè kan tí ilẹ̀ rẹ̀ le. Láolú àti àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló hú ibojì ẹ̀yìn ilé náà. Nígbà tó kan egungun, Láolú ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn sínú aṣọ funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún òkú pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ rọra, mà." Rẹ̀mílẹ́kún dúró, ó ń wò ó. Gbogbo ìbínú tó kù nínú rẹ̀ tán.

Níbi ibojì tuntun, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, àwọn èèyàn sì ń túká. Tíṣà pe ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kó fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún ìyàwó òun, kó má fún ẹlòmíràn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ra iṣu, ó sì ń lọ síbi mọ́tò. Rẹ̀mílẹ́kún àti Láolú ló kù níbẹ̀. Ọ̀sán ti ń yẹ̀. Èékánná Láolú kún fún erùpẹ̀.

"Láolú."

"Mo wà níbí."

"N kò ní bi ọ́ ní ohun tí ojú rẹ rí. Lónìí, èmi náà wò ó. Mo wò ó dé òpin." Ó yíjú sí Láolú. "Tí a bá fẹ́ ara wa, ọ̀kan nínú wa ló máa sin ẹnìkejì. Èyí tó bá kù máa jókòó bí Bàbá ṣe jókòó nínú òjò yẹn. Ó lè jẹ́ èmi. Mo rí ara mi lórí àga yẹn, Láolú, mo rí i kedere. Kò sì yí ọkàn mi padà. Fẹ́ mi."

Gbogbo ọjọ́ ayé Láolú, òpin nǹkan ló ń lé e sá. Kò rí ẹni tó bá a wò ó rí, tó sì dúró. Ó fẹ́ nawọ́ sí i, ó rántí erùpẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ fà á sẹ́yìn. Rẹ̀mílẹ́kún gbà á mú bó ṣe rí.

"Ó lè jẹ́ èmi," Láolú wá ní, omi ń dà lójú rẹ̀. "Èmi náà lè jẹ́ ẹni tó máa kù."

"Mo mọ̀."

"Mo máa fẹ́ ọ, Rẹ̀mí. Tí o bá ní lọ́la, mo máa fẹ́ ọ lọ́la."

"Lọ́la, mo máa wà níbi iṣẹ́. Mú ọjọ́ mìíràn." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà lọ́wọ́ nínú ọwọ́. Tíṣà ti wọ mọ́tò dè wọ́n. Bàbá tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó síwájú ọkọ̀ níbi tí òun bá wà, ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí, ó ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó sì ń wo ìta bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Rẹ̀mílẹ́kún ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì jókòó ti Láolú tó fẹ́ wa ọkọ̀.